Íntánẹ́ẹ̀tì Tó Ń Sáré Bí Ẹṣin: Ṣé Gbogbo Ilé Ló Nílò Rẹ̀?

Ìwé pélébé kan ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń polówó íntánẹ́ẹ̀tì láti ojúlé dé ojúlé ló fi í sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nínú ilé kan ní Yopougon, nílùú Abidjan. Wọ́n ya ìdílé kan tó ń rẹ́rìn-ín sára ìwé náà, wọ́n sì kọ nọ́ńbà gàdàgbà kan sókè orí wọn: mẹ́gà 500. Mẹ́gà 50 ni ilé yìí ń lò ní tiwọn. Bí wọ́n bá fẹ́ gòkè sí 500, fránkì 15,000 ni wọn yóò máa fi kún iye tí wọ́n ń san lóṣooṣù.

Nígbà tí ìyá ilé dé láti ọjà Adjamé nírọ̀lẹ́, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n yí ìwé náà ká bí ẹni yí àwo oúnjẹ ká. Àkọ́bí, obìnrin, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny ní Cocody. Èkejì, ọkùnrin, ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò BAC. Àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún 7. Òun kò mọ ohun tí mẹ́gà jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé bí wọ́n bá ra ti tuntun, àwòrán ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò ní máa dúró lójijì mọ́. Bàbá wọn, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, jókòó sórí àga rẹ̀, kò dá sí i.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá,” ni àkọ́bí wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí. Òun ni yóò bá wa yanjú ìṣòro wa.”

Ìṣòro wà lóòótọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìdílé náà máa ń pe ìyá bàbá wọn ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lórí fídíò. Ìyá àgbà kò fẹ́ ìpè ohùn lásán. Ó fẹ́ rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan ni àwòrán ti máa ń dì gbagidi láàárín ọ̀rọ̀. Ẹnu Ìyá àgbà yóò là sílẹ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ yóò já, gbogbo ilé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, “Ṣé ẹ ń gbọ́ wa?”

Ti ìyá ilé tún le ju ìyẹn lọ. Aṣọ ló ń tà. Lálẹ́, lẹ́yìn tó bá ti ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Adjamé, ó máa ń gbé fóònù kalẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, a sì máa tẹ́ aṣọ hàn lójú ẹsẹ̀ fún àwọn oníbàárà tó wà ní Bouaké, ní Kùtọnu àti ní Èjìgbò. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, obìnrin kan fẹ́ ra aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Bó ṣe ń béèrè iye tó kù nílẹ̀ ni àwòrán dì. Kó tó padà, obìnrin náà ti lọ bá ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyá náà títí ó fi di ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, kì í ṣe fàájì nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ nínú ilé yìí. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò yóò mọ̀ pé Abidjan dà bí àdúgbò kan lára ìlú náà. Láti ìgbà tí Faransé ṣì ń ṣàkóso Côte d'Ivoire ni àwọn ọmọ Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ọ̀fà ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, débi pé títí dòní, ènìyàn lè gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò bó ṣe lè gbọ́ Yorùbá ní Treichville. Nígbà kan rí, awakọ̀ ló ń gbé lẹ́tà àti kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba ohùn sí láti ilé lọ sí ẹ̀yìn odi. Lónìí, orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà: ìkíni, ìròyìn ọ̀fọ̀, ìsọmọlórúkọ, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ àti ọjà tí wọ́n ń tà.

Bàbá ló kọ́kọ́ ta ko ọ̀rọ̀ náà. “Kí la fẹ́ fi mẹ́gà 500 ṣe? Ṣé a fẹ́ ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni?”

“Dádì, gbogbo èèyàn ló ń rà á,” ni ọmọkùnrin náà fèsì.

Ìyá kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń ṣírò nínú ọkàn rẹ̀. Fránkì 15,000 lóṣooṣù, ìyẹn 180,000 lọ́dún. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Côte d'Ivoire jẹ́ fránkì 75,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nítorí náà, àfikún yìí nìkan ju owó oṣù méjì òṣìṣẹ́ kan lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 15,000 gan-an ni ìyá náà ń dá lájọ lóṣooṣù fún olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọkùnrin yẹn ní ìṣirò kí ìdánwò BAC tó dé. Kò sọ ìyẹn jáde.

“Bí oníbàárà bá wá sí ìsọ̀ mi,” ló wí níkẹyìn, “mo máa ń bi í pé èèyàn mélòó ló fẹ́ wọ aṣọ náà kí n tó gé e. Ẹni tó bá fẹ́ kí n sanwó èyí, kó wọ̀n ọ́n fún mi. Mélòó la ń lò?”

Wọ́n Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Wọ̀n Ọ́n

Àkọ́bí mú ìwé àti bírò. Ó dá a lójú pé ìṣirò náà yóò gbè é. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ṣàlàyé ohun tí mẹ́gà jẹ́ fún àwọn òbí rẹ̀, torí pé bí àwọn tó ń polówó ṣe máa ń sọ ọ́, èèyàn á rò pé eré sísá ni.

Mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n gé kúrú sí mẹ́gà. Ó ń sọ bí iye ọ̀rọ̀, àwòrán tàbí ohùn tó lè gba ojú wáyà kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣe pọ̀ tó. Ó dà bí ìbú ọ̀pá omi. Bí ọ̀pá bá fẹ̀, korobá mẹ́wàá lè máa kún lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìjà. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn kan gbọ́dọ̀ dúró de àwọn kan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ korobá mẹ́ta péré lo ní, ọ̀pá tó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà kò ní jẹ́ kí omi rẹ pọ̀ ju korobá mẹ́ta lọ.

Ní ti eré gan-an, nínú fáíbà, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní la fibre, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ náà ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ra mẹ́gà 50 àti ẹni tó ra 500, ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń sáré fún àwọn méjèèjì. Àfikún owó kì í dín jíjìn Abidjan sí Paris kù.

Lẹ́yìn náà ló wá kọ ohun tí oníkálukú ń ṣe ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá pé. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé mẹ́gà 5 tó fún fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ dé ìwọ̀n 1080p, àti pé 15 tó fún èyí tí wọ́n ń pè ní 4K. Ìpàdé orí Zoom tí ojú gbogbo èèyàn mọ́ kedere kì í gbà ju bíi mẹ́gà 4 lọ. Ìpè ohùn lórí WhatsApp kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mẹ́gà kan.

Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: tẹlifíṣọ̀n, 5. Bọ́ọ̀lù tí bàbá ń wò lórí fóònù, 5. Fídíò ẹ̀kọ́ tí àbúrò òun ń wò, 5. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ àbíkẹ́yìn, 3. Kíláàsì òun fúnra rẹ̀ lórí Zoom, 4. Aṣọ tí màmá ń tẹ́ hàn, 4. Ó ròpọ̀ di 26. Ó tún fi 5 kún un nítorí àwọn fóònù tó máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ó di 31. Ó wò ó títí, ó sì tún ṣe bí ẹni pé wọ́n ti ra tẹlifíṣọ̀n 4K. Ó di 41.

Kò tíì tó 50.

Inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tó rí. Ó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.”

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó mẹ́nu kan eré orí kọ̀ǹpútà kan tó tóbi tó gígábáìtì 50. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Báìtì kan jẹ́ bíìtì 8, nítorí náà mẹ́gà 50 kì í ṣe mẹ́gábáìtì 50 bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò; ó kù díẹ̀ kó tó mẹ́gábáìtì 6 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí wáyà wọn, eré yẹn yóò gba nǹkan bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 13 kó tó wọlé. Lórí mẹ́gà 500, kò ní ju ìṣẹ́jú 14 lọ.

“Ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń gba irú eré bẹ́ẹ̀ lọ́dún?” ni bàbá bi í.

“Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta, Dádì.”

“Máa gbà á lóru nígbà tí a bá ti sùn. Fránkì 180,000 kì í ṣe owó tí à ń fi dúró de eré lẹ́ẹ̀mẹta.”

Ibi Tí Omi Ti Ń Jò

Ìyá ló wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi. “Bí 50 bá tó wa, kí ló dé tí ojú Ìyá àgbà fi ń dì? Kí ló dé tí mo fi pàdánù oníbàárà mi?”

Ọmọbìnrin náà gbé fóònù, ó ṣí ojú ewé kan tó ń wọn íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì dúró ti àpótí Wi-Fi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ni àpótí náà wà, nísàlẹ̀, níbi tí ẹni tó fa wáyà wọlé lọ́jọ́sí gbé e sí nítorí pé ibẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Bàtà ọmọdé méjì wà lórí rẹ̀. Níbẹ̀, ó rí mẹ́gà 47. Ó wọ yàrá àwọn ọmọ, ó di 18. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń tẹ́ aṣọ, ó di 3. Ó dúró díẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó di 2.

Ohun tí wọ́n ń wá ti wá fojú hàn. Wáyà tó ti ìta wọlé ti gbé ẹrù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà láìdín. Ògiri sìmẹ́ńtì mẹ́ta tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá ẹ̀yìn ló ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ra 500, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yóò ga sí i, ṣùgbọ́n ògiri mẹ́ta náà kò ní kúrò níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ni irú èyí wà. Àpótí Wi-Fi òde òní sábà máa ń ní oríṣi ìgbì méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní 5 GHz máa ń gbé ẹrù púpọ̀, àmọ́ ògiri tètè máa ń dí i lọ́nà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz kì í gbé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń la ògiri kọjá jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Wi-Fi àwọn aládùúgbò náà máa ń kún ojú ọ̀nà yẹn. Níbi tí ilé bá fún mọ́ra bíi ti Yopougon, ibi tí àpótí wà ṣe pàtàkì bíi wáyà tó wọ inú rẹ̀.

Ìyá ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín ilé. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n má fọwọ́ ara wọn fà á. Òótọ́ ló sọ: gíláàsì ni fáíbà, kì í ṣe okùn tí èèyàn ń ká bó ṣe wù ú. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ yóò máa dànù níbi tó ti tẹ̀, tàbí kí ó dá pátápátá. Wọ́n pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ajé. Ó fa wáyà tuntun gba orí ògiri, ó gbé àpótí náà kọ́ sókè nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi wáyà kan lọ tààrà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kí ìyẹn má baà máa bá fóònù du ìgbì mọ́. Owó tó gbà kò tó àfikún oṣù kan tí ìwé pélébé náà ń béèrè. Nígbà tí ọmọbìnrin náà tún lọ wọ̀n ọ́n ní yàrá ẹ̀yìn, 29 ló rí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọjọ́ Tí Òkun Já Wáyà

Ohun mìíràn wà tí ìyá kò gbàgbé, òun ló sì jẹ́ kí ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin náà tún gbé ìwé pélébé náà wá lọ́jọ́ kejì. Ó rán wọn létí Ọjọ́bọ̀, March 14, 2024.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní apá ibi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wáyà ńláńlá mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá níwájú Abidjan ló bàjẹ́: SAT-3, ACE, WACS àti ti MainOne. Kì í ṣe Côte d'Ivoire nìkan ló kàn. Ó kan Làìbéríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso àti Nàìjíríà, níbi tí ilé ìfowópamọ́ àti àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti wà nínú wàhálà. MainOne ṣàlàyé pé ibi tí wáyà tiwọn ti já jìn tó kìlómítà 3 sísàlẹ̀, kò sì jọ ohun tí ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja lè ṣe. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n fura sí pé ó mì. Ọkọ̀ òkun tó ń tún irú wáyà bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò wá, kí ó wá orí wáyà méjèèjì nísàlẹ̀ òkun, kí ó fà wọ́n sókè, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì so gíláàsì inú rẹ̀ pọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọjá kí gbogbo rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò.

Ní ilé tí à ń sọ yìí, ìyá kò lè fi àwòrán aṣọ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà ní Èjìgbò pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ lórí ìpè lásán, ó ń béèrè bóyá wọ́n wà láàyè. Aládùúgbò wọn tó ń san owó wáyà tó ga jù ládùúgbò náà jókòó síta bíi tiwọn, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò sí ohun tó lè fi ṣe. Ọ̀pá omi tirẹ̀ fẹ̀ ju tiwọn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n orísun omi ti gbẹ fún gbogbo wọn.

Wáyà Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní 2022, kò já lọ́jọ́ yẹn. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ní ọ̀nà mìíràn bí irú rẹ̀ ló tètè gbérí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tó dá àwọn èèyàn nídè lọ́jọ́ náà ni pé ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ; fífẹ̀ ọ̀nà kọ́.

Ní ọjọ́ kan náà, March 14, 2024, àjọ FCC tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà dìbò pé wáyà tí kò bá tó mẹ́gà 100 ní wíwọlé àti 20 ní jíjáde kò yẹ ní ohun tí wọn yóò máa pè ní íntánẹ́ẹ̀tì tó yára mọ́. Títí di ọjọ́ yẹn, 25 àti 3 ni òṣùwọ̀n wọn láti ọdún 2015. Ṣáájú ìyẹn, láti 2010, 4 àti 1 ni. Ọmọkùnrin náà ló rí èyí kà, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti rí ẹ̀rí. “Ẹ wò ó, Màmá. Láàárín ọdún 14, wọ́n ti kúrò ní 4, wọ́n dé 100. Ohun tó tó wa lónìí kò ní tó wa lọ́la.”

Èèyàn kò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn. Iye tí ilé ń lò ń pọ̀ sí i, yóò sì máa pọ̀ sí i. Ní Britain, òfin ti fún ilé kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti March 2020 láti béèrè fún mẹ́gà 10, ó kéré tán. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni yóò ka 10 sí nǹkan ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìṣirò tirẹ̀, dá a lóhùn. Gíláàsì tó wọ ilé wọn lè gbé ju 500 lọ bí wọ́n bá fẹ́. Bí ọ̀la bá dé, wọn kò ní fa wáyà mìíràn. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà ni wọn yóò ti ṣí i sí i. Ẹni tó bá ti ní fáíbà nílé ti ní ọ̀la lọ́wọ́. Kò sí ìdí láti máa sanwó ọ̀la láti òní.

Àwọn Tó Nílò Rẹ̀

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ilé yìí sọ pé ẹ̀tàn ni mẹ́gà 500. Ọ̀rẹ́ àkọ́bí kan wà ní Cocody tó ń to fídíò ìgbéyàwó pọ̀ fún àwọn èèyàn. Ìṣẹ́ rẹ̀ lè wúwo tó gígábáìtì 100, ó sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wáyà tó fẹ̀ ni oko rẹ̀ àti ọkọ́ rẹ̀. Ní Abobo àti Koumassi, ilé wà tí ìdílé mẹ́fà ń pín àgbàlá kan, tí wọ́n sì dáwó ra wáyà kan. Bí àwọn èèyàn 20 tàbí 25 bá ṣí fóònù wọn lẹ́ẹ̀kan náà, 50 yóò há mọ́ wọn lọ́rùn. Irú wọn tó ra 500 kò ná ìná àpà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pín owó rẹ̀, ó lè dín ju ohun tí oníkálukú ń ná sórí dátà fóònù lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì bìkítà láti wò ni nọ́ńbà kejì, ìyẹn ti jíjáde. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sórí ìwé ni ti wíwọlé: fíìmù, bọ́ọ̀lù, ojú ewé tí à ń kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ́ aṣọ hàn, ẹni tó ń kọ́ni lórí Zoom, ẹni tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ nílé rí ojú òun kedere, jíjáde ló ń lò. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fi fóònù pe ọ̀dọ́kùnrin tó mú ìwé wá láti béèrè rẹ̀, ó ní òun yóò lọ béèrè lọ́dọ̀ ọ̀gá òun. Ti wáyà tó wà nílé jẹ́ 20. Ìyá rẹ̀ ń lo 4.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n fẹnu kò. Wọn kò ra 500. Ìyá mú díẹ̀ nínú owó tí wọn ì bá fi rà á, ó ra bátìrì kékeré kan tó lè gbé àpótí Wi-Fi fún wákàtí mélòó kan bí iná bá lọ, nítorí ó ti rí i pé iná tó lọ ń já òun lulẹ̀ ju mẹ́gà lọ. Ó tún ra síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ó fi dátà kékeré sí i, ó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀. Bí wáyà ilé bá já láàárín ọjà, yóò ní ọ̀nà kejì. Owó olùkọ́ ìṣirò kò kúrò nínú àjọ. Nígbà náà ló tó sọ fún ọmọkùnrin rẹ̀ pé iye kan náà ni owó méjèèjì. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Ẹ ṣé, Màmá,” ó sì lọ gbé ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wọn péjọ sí yàrá ẹ̀yìn láti pe Èjìgbò. Ìyá àgbà yọjú. Ó ń jẹ àgbàdo sísun, wọ́n sì lè ka hóró tó kù lára rẹ̀. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, ó ṣàdúrà fún ẹni tó fẹ́ ṣe BAC, ó bi àbíkẹ́yìn bóyá eyín rẹ̀ tó yọ ti hù padà. Àwòrán kò dì lẹ́ẹ̀kan.

“Ó mà mọ́ kedere lónìí o,” ni Ìyá àgbà wí. “Ṣé ẹ ti ra íntánẹ́ẹ̀tì tuntun ni?”

“Rárá o, Màmá,” ni ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn. “Ti àtijọ́ náà ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ti gbé e kúrò.”